Ìjì Ń Bọ̀, Ilé La Wà: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Wa ní Houston Máa Ń Bi Mí

Mo ti wà ní Houston, ní Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 2004. Ìjì hurricane tí wọ́n sọ ní Rita bá mi níbẹ̀, Ike bá mi níbẹ̀, Harvey bá mi níbẹ̀, Beryl náà sì tún bá mi níbẹ̀. Tí oṣù Kẹfà bá ti wọlé, tí ìgbà ìjì bẹ̀rẹ̀, fóònù mi ò ní sinmi mọ́ títí oṣù Kọkànlá á fi parí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ń bèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ ń bèèrè, ìyàwó tí ìyá rẹ̀ wá bá a wẹ ọmọ náà ń bèèrè. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí ọ̀fun fi gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan máa ń dùn mí tí mo bá ń dá àwọn èèyàn wa lóhùn. A máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé NEPA ti kọ́ wa, pé a mọ jẹnẹrétọ̀ bí ẹni mowó, pé kò sí ẹni tó máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi garawa wẹ̀. Òótọ́ ni, ìmọ̀ yẹn máa ń gbà wá. Òun náà ló sì máa ń tàn wá, torí pé ilé tí à ń gbé níbí kì í ṣe irú ilé tí a ti kọ́ ọ.

Kí ló dé tí irú ìjì yìí kì í jà nílé?

Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì jù. Yíyí tí ayé ń yí ló máa ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kó lè máa pòòyì, ìrànlọ́wọ́ yẹn ò sì tó nǹkan lágbègbè wa. Àmọ́ ẹ má rò pé ọwọ́ wa mọ́ o. Púpọ̀ nínú àwọn ìjì tó ń ba Amẹ́ríkà jẹ́, Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra. Òjò àti afẹ́fẹ́ á kóra jọ lókè ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n á máa rìn lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á bọ́ sórí òkun létí Sẹ̀nẹ̀gà. Tí wọ́n bá bá omi tó gbóná tó nǹkan bí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius níwájú, oúnjẹ ti dé nìyẹn.

Bí Beryl ṣe ṣe nìyẹn ní 2024. Ó kúrò létí Áfíríkà nígbà tí oṣù Kẹfà ń parí lọ, ó ba erékùṣù Carriacou ní Grenada jẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ó sì di Category 5, ìpele tó ga jù lọ fún ìjì, lóru ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ìjì òkun Atlantic sílẹ̀, kò tíì sí èyí tó tètè dé ipò yẹn nínú ọdún bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Jàmáíkà kọjá, ó la Mẹ́síkò já, ó wá balẹ̀ sí tòsí Matagorda, létí òkun Texas, ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje. Bàbá àgbà kan ní ìjọ wa ní Ọya ló ń lọ kí àwọn ọmọ ẹ̀ ní Cuba, pé ṣe ló ṣìnà dé ọ̀dọ̀ wa. Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní Category 1 ni. Ṣebí kékeré nìyẹn?

Afẹ́fẹ́ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n. Category 1 bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 74 ní wákàtí kan, Category 5 bẹ̀rẹ̀ láti 157. Kò sọ nǹkan kan nípa omi, kò sọ nǹkan kan nípa igi ẹ̀yìnkùlé yín, kò sì sọ iye ọjọ́ tí iná máa fi lọ. Afẹ́fẹ́ máìlì 80 péré ni Beryl gbé wọlé, síbẹ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wọ òkùnkùn ní Houston àti agbègbè rẹ̀, àwọn mìíràn sì lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó tún rí iná.

Ti Harvey ní 2017 tún wá yàtọ̀. Category 4 ni nígbà tó balẹ̀ sí Rockport ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, àmọ́ nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Òjò ló fi pa wá. Ó jókòó tì wá fún ọjọ́ mélòó kan, kò lọ, kò bọ̀. Ní Nederland, òjò tó rọ̀ lé ní ínṣì 60. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, díẹ̀ ni mo fi ga jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sá ni, àbí kí n dúró sílé?

Omi ni kí ẹ sá fún. Ní ti afẹ́fẹ́, ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ilé yín bá wà ní Galveston tàbí níbi tí ìjọba fàlà sí lórí Zip-Zone, máàpù tó ń fi àdúgbò tó yẹ kó sá hàn, tí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò, ẹ kúrò. Lọ́dún 1900, ìjì gbé òkun wọ Galveston, ó pa èèyàn bí 8,000. Ẹni tó ń gbé inú ilé alágbèéká, ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ nígbà Harvey, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ oníná mí, kó má dúró.

Àwa tó kù tí ilé wa jìnnà sí òkun, ẹ má kàn kó sójú ọ̀nà torí ohun tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2005, kò tíì pé oṣù kan tí Katrina ba New Orleans jẹ́ tí Rita fi ń bọ̀, ni gbogbo Houston bá kó síta lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí mẹ́tàdínlógún la fi rìn láti Alief dé Huntsville, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀. A pa AC kí epo má bàa tán. Ike omi tí a mu tán la fi ń tọ̀. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú ní Texas nígbà yẹn, ìrìn àsálà yẹn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ìjì. Rita alára wá yà lọ sí apá Beaumont, kò kàn wá bí a ṣe rò. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ nígbà tó bá ṣì ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ò nílò láti dé Dallas kí ẹ tó bọ́ lọ́wọ́ omi.

Kí ni kí n rà sílé?

Omi ni àkọ́kọ́: gálọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi máa ń ra ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fọ ọpọ́n ìwẹ̀ inú balùwẹ̀, ẹ bu omi kún un. Ìyẹn kì í ṣe mímu o, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Garawa kan tí a bá dà á wìì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á lọ. Ọmọ mi tí mo bí síbí ń wò mí bí ẹni pé idán ni mo pa.

Ní ti oúnjẹ, àwọn aládùúgbò wa á máa já búrẹ́dì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ilé ìtajà. Ẹ má bá wọn dù ú. Gàrí Ìjẹ̀bú wà nílé. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ fíríìjì, kò fẹ́ ìkòkò. Ẹ fi ẹ̀pà, kúlíkúlí, ṣúgà, mílíìkì oníyẹ̀fun àti sàdín inú agolo tì í. Lẹ́yìn Beryl, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi mu gàrí lọ́sàn-án, ọmọkùnrin ará Vietnam tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa sì wá jókòó tì wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n bu ṣúgà sí i dáadáa.

Ẹ gba òògùn yín ti ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì, kì í ṣe àbẹ́là. Panápaná ò ní ráyè iná ilé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fa epo sínú ọkọ̀ nígbà tí ìlà ṣì kúrú, torí iná ló ń fa epo jáde ní ilé epo. Tí iná bá lọ, epo ń bẹ nílẹ̀ tí kò ní ṣeé fà. Ẹ mú owó dọ́là wẹ́wẹ́ dání, nítorí POS náà iná ló ń jẹ. Páspọ́ọ̀tù, green card, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé inṣọ́ránsì: ẹ dì wọ́n sínú nylon méjì. Kí ẹ tó sùn, ẹ gbé fóònù, ẹ ya fídíò gbogbo ilé yín láti yàrá dé yàrá, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí inṣọ́ránsì bá bi yín pé kí lẹ ní, fídíò yẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

Lálẹ́ tí ìjì ń bọ̀ gan-an ńkọ́?

Ẹ kó àga, ìkòkò òdòdó àti kẹ̀kẹ́ ọmọ kúrò níta. Afẹ́fẹ́ á sọ wọ́n di òkò. Ẹ má wulẹ̀ fi tépù lẹ fèrèsé. Gíláàsì tó máa fọ́ á fọ́, ṣe ni àfọ́kù rẹ̀ á tún tóbi sí i. Pákó ló ń dáàbò bo fèrèsé. Ẹ yí fírísà sí ibi tó tutù jù, ẹ rọ omi sínú àwọn ike, ẹ tò wọ́n sínú àyè tó bá ṣófo níbẹ̀.

Ibi tí a máa sùn ni yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé: balùwẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tí ẹ ń kó aṣọ sí. Ní òru Beryl, abẹ́ àtẹ̀gùn la wà, èèyàn márùn-ún pẹ̀lú àpótí aṣọ. Nígbà tó ń lọ sí aago márùn-ún ìdájí, iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lọ. Láti ihò ilẹ̀kùn, mò ń rí i tí ojú ọ̀run ń kọ yẹ̀rì, búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Tiransifọ́mà ló ń bú, kì í ṣe mànàmáná. Mo gbọ́ tí igi páìnì aládùúgbò wa ń ké, kì í ṣe bí igi tó ń ṣẹ́, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi òróró sí i. Lẹ́yìn náà, òórùn igi tútù gba gbogbo ilé. Òórùn yẹn ni mo fi mọ̀ pé igi ti wà lórí gárééjì wa.

Tí gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, ẹ má jáde. Ó lè jẹ́ ojú ìjì ló wà lórí yín. Afẹ́fẹ́ ṣì ń bọ̀ láti òdì kejì. Tí omi bá sì ń wọlé, ẹ má gun inú àjà tí kò sí ọ̀nà àbájáde níbẹ̀. Orí òrùlé ni kí ẹ lọ. Ní ti ibi tí wọ́n ti ń pa gbogbo iná ilé, tí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìtẹ omi, ẹ pa á. Tí ẹ ò bá lè débẹ̀ láìtẹ omi, ẹ fi í sílẹ̀.

Inú gárééjì ni jẹnẹrétọ̀ wa wà, mo sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó tó, àbí?

Kò tó.

Èyí ni ìbéèrè tó máa ń kó mi láyà sókè jù, torí àwọn ọkùnrin wa ló máa ń bèèrè rẹ̀, wọ́n sì máa ń bèèrè rẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn. "Aunty, àwa la mọ gẹ́ńẹ́." Ẹ gbọ́, kódà nílé, tí fèrèsé wa jẹ́ lúfà, tí afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ pa ìdílé kan mọ́jú? Ilé ti ibí, wọ́n dí i pa nítorí AC. Gárééjì ní ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, èéfín á sì máa yọ́ gba abẹ́ rẹ̀.

Carbon monoxide ni orúkọ ohun tó wà nínú èéfín yẹn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á máa fọ́ yín, òòyì á kọ́ yín, èébì á máa gbé yín. Ẹ̀yin á ní ooru ni, tàbí pé ibà fẹ́ mú yín, ẹ á ní kí ẹ lọ sùn díẹ̀. Oorun yẹn ni kì í tán. Tí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sá síta, ẹ pe 911. Lẹ́yìn Beryl, irú ìpè bẹ́ẹ̀ rọ̀jò lé panápaná lórí.

Ó kéré tán, kí ó jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé yín, kó sì má kọjú sí fèrèsé aládùúgbò. Kí òjò má pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ẹ gbé e wọlé. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń ké tó bá gbọ́ èéfín yìí, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn. Tí epo bá tán, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó rọ òmíràn.

Mo mọ èyí tó tún kàn. Wáyà olórí méjì yẹn, tí ẹ máa ń ti orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, tí ẹ máa ń ti ìkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kí gbogbo ilé lè tàn. Níbí, ó lè pa òṣìṣẹ́ iná tó wà lórí òpó ní òpópónà yín, torí iná yín á gba wáyà jáde lọ bá a. Ẹ lo wáyà extension tó nípọn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ ṣe ibi tí iná yóò máa gbà wọlé.

Èédú, sítóòfù oníkẹ́rosíìnì, gáàsì kékeré tí wọ́n ń gbé lọ sóko: ìta ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ tí ẹ tàn nínú gárééjì kí fóònù lè gba iná, irú kan náà ni. Ẹ tún fi ṣéènì de jẹnẹrétọ̀ náà o. Wọ́n jí ti ọ̀rẹ́ mi gbé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko tó ń pariwo síbẹ̀ kó má bàa mọ̀ pé tirẹ̀ ti lọ.

Ọbẹ̀ tí mo sè sí fírísà ńkọ́?

Fíríìjì tí ẹ ò bá ṣí, wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún dẹ́nu, wákàtí 48. Tó bá jẹ́ ìdajì, 24. Èyí tí yìnyín bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ lè dá a padà. Èyí tó kù, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Nílé, a kì í ní fíríìjì, a máa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yẹn, láti ọjọ́ tí a ti sè é la ti ń gbé e kaná. Èyí tó ti wà nínú fíríìjì kíkú fún ọjọ́ méjì, kòkòrò ti tọ́ sínú rẹ̀, oró tí àwọn mìíràn nínú wọn máa ń fi sílẹ̀, iná kì í pa á. Tí sítóòfù gáàsì yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná ní wákàtí àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹran ewúrẹ́ odindi, ìgbín, panla, ata lílọ̀ oṣù méjì: mo dà wọ́n nù pátá ní 2024. Mo yà wọ́n ní fọ́tò kí n tó dà wọ́n nù, torí inṣọ́ránsì mìíràn máa ń san owó oúnjẹ tó bàjẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ panla fún wọn.

Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ooru ò lè fi àwọn ṣe nǹkan kan.

Ẹ má gbọ́ tiwọn lórí èyí. Ooru ló pa ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ní Houston lẹ́yìn tí Beryl ti lọ. Ní Ìbàdàn, màmá á gbé àpótí síta, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí wọn. Ilé ti ibí ò ní irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Tí AC bá kú, ó di ààrò. Ara àgbàlagbà kì í tètè làágùn mọ́, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn sì ń lé omi jáde lára. Tí yàrá bá ti gbóná kọjá 95 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, fáànù nìkan ò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ máa fún wọn lómi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́rùn àti abíyá. Lọ́sàn-án, ẹ gbé wọn lọ síbi tí iná wà: ilé ìkàwé, ibi ìtura tí ìjọba ṣí, ẹ pe 2-1-1, wọ́n á sọ ibi tó sún mọ́ yín. Tí wọ́n bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí wọn ò dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ má dúró wòye, 911 ni.

Tí wọ́n bá ń gba insulin fún ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí wọ́n ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọjọ́ 28 tí ibẹ̀ ò bá gbóná ju 86 Fahrenheit lọ. Ẹ kà á lára páálí rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sínú kúlà, ẹ fi aṣọ wé e. Tó bá dì, ó ti bàjẹ́.

Omi ẹ̀rọ ṣì ń jáde. Ṣé mo lè mu ún?

Tí ìlú bá ti ní kí ẹ máa se é, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú méjì. Tí ẹ ò bá ní iná, ẹ fi bleach tí kò ní òórùn dídùn, èyí tó jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kán ẹ̀kán mẹ́jọ sínú gálọ̀nù kan, ẹ rò ó, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tí ẹ ó fi fọ eyín wà nínú ẹ̀. Omi gàrí náà.

Omi ti kún títì, àmọ́ jíìpù ni tèmi.

Omi tó ń ṣàn tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ń gbé jíìpù lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ògùnpa ní 1980 mọ ohun tí à ń pè ní omíyalé. Ẹ yí padà.

Igi wó lé òrùlé. Ta ló máa san?

Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wó o, inṣọ́ránsì ilé yín ni, kódà kí igi náà jẹ́ ti aládùúgbò. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi tapóló bo ojú ihò kí òjò má bàa tún bà á jẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má fúnra yín gun àkàbà pẹ̀lú ayùn ẹ̀rọ. Mo mọ ẹnìkan tí ìjì ò ṣe ní nǹkan kan, àkàbà ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Ohun méjì máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni owó tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ lápò ara yín. Ti ìjì sábà máa ń jẹ́ ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n fi inṣọ́ránsì bo ilé. Ilé 300,000 dọ́là, ìdá méjì rẹ̀ jẹ́ 6,000. Kọ́ńtírákítọ̀ tó bá ní òun máa bá yín fojú fo owó yẹn, ó ń rú òfin Texas. Ìkejì ni pé inṣọ́ránsì ilé kì í san owó omíyalé. Èyíinì dá dúró, ti ìjọba àpapọ̀ sì máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó lọ rà á lọ́jọ́ tí ìjì wọ Gulf, òkun tó wà níwájú Texas, ti pẹ́ jù.

Àwọn tó máa kan ilẹ̀kùn yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé àwọn ń ṣe òrùlé, ẹ bi wọ́n pé ibo ni ọ́fíìsì wọn wà. Ẹ má san gbogbo owó síwájú. Kódà kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ yín, ẹ má san gbogbo rẹ̀ síwájú.

Ṣé FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù, máa fún mi lówó? Mi ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà.

Ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, ẹni tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olùwá-ààbò, wọ́n lè gba owó. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á lórúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ní ọmọ tí a bí síbí nínú ilé náà, ó lè kọ̀wé lórúkọ ọmọ. Ibùsùn, omi àti oúnjẹ pàjáwìrì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bèèrè ìwé fún. Nǹkan bí ọjọ́ 60 ni wọ́n máa ń fún yín láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìkéde. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lè wá pé wọn ò fọwọ́ sí i. Ẹ má ya á. Ìwé kan ló sábà máa ń kù, ẹ sì láǹfààní láti pẹjọ́ síwájú wọn. Kò sí kọ́bọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ kí fáìlì lè rìn, olè ni.

Mo ń gbé apátímẹ́ǹtì. Àjà já lé bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí onílé, kì í ṣe lẹ́nu. Tí ibẹ̀ ò bá ṣeé gbé rárá mọ́, òfin Texas gbà kí ẹ fi ìwé fòpin sí àdéhùn. Bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ yín kì í ṣe wàhálà onílé. Inṣọ́ránsì ayálégbé ló ń san án, kì í sì wọ́n.

Omi ti lọ, ògiri ti gbẹ lójú. Ṣé kí n kun ọ̀dà?

Ojú ló gbẹ, inú ò gbẹ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni mold á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ohun dúdú tó máa ń mú kí ikọ́ fée yọ ọmọ lẹ́nu. Ògiri ti ibí kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, páálí àti ẹfun ni. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ gé ògiri náà kọjá ibi tí omi dé, ẹ yọ òwú inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí pákó gbẹ. Ẹ bo imú. Ẹ má po bleach mọ́ ọṣẹ tó ní ammonia.

Ìgbà wo ni iná máa dé?

Nígbà Beryl, àwọn èèyàn ń fi máàpù Whataburger, ilé tí wọ́n ti ń ta bọ́gà, wo àdúgbò tó ní iná: ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣí, iná wà níbẹ̀. Tiwa dé lọ́jọ́ keje, aago mẹ́ta òru, gbogbo òpópónà sì pariwo "Up NEPA!" Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọkùnrin ará Vietnam yẹn náà.

Ìjì ti lọ, kẹ́ẹ̀gì epo méjì ṣì kù nílẹ̀.

Ẹ rọ ọ́ sínú ọkọ̀, kó tó bàjẹ́. Bẹntiróòlù kì í pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ kó tó sọ agbára nù. Ẹ pa ojú epo jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níta o.